Ta Ni Yóò Bá Ọmọ Wa Sọ Yorùbá ní Madison?

Wọ́n fi iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá lọ̀ mí ní Madison, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àárín adágún méjì, Mendota àti Monona, ni ìlú náà wà. Omi wọn a máa di yìnyín nígbà òtútù.

Òtútù kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. N kò sì bẹ̀rù fún Ifá: ó bá àwọn ènìyàn wa dé Kúbà nínú oko ẹrú, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Èdè ni kí ẹ wò. Nínú orin àti àdúrà ni Lùkùmí kù sí. Ọmọdé ibẹ̀ kì í fi í tọrọ omi lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ mọ́.

Ọmọ ọdún 5 ni àbígbẹ̀yìn mi. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kọ́ mi pé kíláàsì nìkan kì í tọ́ èdè dàgbà. Inú ilé àti agbo eré ọmọdé ló ti ń gbó. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ bi Ifá léèrè irú ìrìn-àjò yìí, ẹ má fi mọ sórí owó oṣù. Ẹ bèèrè ọmọ pẹ̀lú.

Bí mo bá rí ìdílé méjì tí yóò bá mi dá agbo náà sílẹ̀ ní Madison, n ó lọ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé ni n ó jókòó sí.