Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: BÍ A TI Í BI ALÁÌSÀN LÉÈRÈ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí aláìsàn wà, ó sì kan gbogbo òbí tí ọmọ wọn ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn. A fẹ́ sọ bí a ti í bi ẹni tí ara rẹ̀ kò dá léèrè, tí yóò fi lè sọ òtítọ́ ohun tí ń ni ín lára.

Iṣẹ́ ìwòsàn kan ń bẹ tí àwọn òyìnbó ń pè ní occupational therapy. Ẹni tí ń ṣe é kì í gún ni ní abẹ́rẹ́, kì í sì í fi ọ̀bẹ la ara. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú kí ẹni tí àrùn tàbí ìjàǹbá ti sọ di aláìlágbára tún lè máa ṣe ohun tí ó ń ṣe lójoojúmọ́: kí ó wẹ̀, kí ó wọ aṣọ, kí ó dáná, kí ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ní 1917 ni a dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ wa, ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró lẹ́bàá Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn tí ọpọlọ wọn kò dá ti ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, tí iṣẹ́ oko sì jẹ́ apá kan ìtọ́jú wọn.

Kí ẹnikẹ́ni tó lè dá ènìyàn padà sí iṣẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí ó jẹ́. Kò sì sí bí yóò ti ṣe mọ̀ ọ́n bí kò bá béèrè. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá, bí a bá bi wá pé ara ńkọ́, a óò dáhùn pé a dúpẹ́, ì báà jẹ́ pé a kò sùn mọ́jú. Ìtìjú wà níbẹ̀, ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, àìfẹ́ dá ọmọ ọlọ́mọ lágara sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a ro ti Ìlọrin wò. Láti ìgbà tí a ti dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀ ní 1977 ni wọ́n ti gbé ètò kan kalẹ̀, tí à ń pè ní COBES, èyí tí ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ sáàárín àwọn ará ìlú àti ará abúlé. Yorùbá, Fúlàní, Haúsá àti Núpé ni wọ́n jọ ń gbé ìlú náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wọ agbo ilé níbẹ̀ yóò bá àgbà tí ìṣe rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀ pàdé. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ni ó yẹ kí a wò kí a tó ya ẹnu béèrè.

Ẹ fi ojú inú wo ìyá àgbà kan, amọ̀kòkò ní Dàdà ní Òkèlele, tí àrùn ẹ̀gbà mú ní ọwọ́ ọ̀tún. Akẹ́kọ̀ọ́ kúnlẹ̀, ó kí i, ó ní: “Ìyá, ṣé ẹ lè fi ọwọ́ ara yín jẹun?” Ìyá ní: “Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, a dúpẹ́.” Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí wàhálà ní ti oúnjẹ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbọ́ bí ẹlòmíràn ti béèrè. Ó ní: “Ìyá, kí àìsàn yìí tó dé, kí ni ẹ kọ́kọ́ máa ń ṣe bí ilẹ̀ bá ti mọ́?” Ìyá ní: “Mo máa ń ṣe àlùwàlá, mo máa ń kírun, kí n tó lọ sí ìdí amọ̀ mi.” Ó ní: “Nísinsìnyí ńkọ́, ìyá?” Ìyá dákẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà dákẹ́ pẹ̀lú, kò fi ọ̀rọ̀ dí àlàfo náà. Nígbà tí ó pẹ́, ìyá ní: “Ọmọ mi, ọwọ́ òsì ni mo fi ń jẹun. Ta ni yóò bá mi tọwọ́ bọ àwo kan náà? Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti ń jẹ tèmi.”

Irọ́ kọ́ ni ìyá pa ní ìṣáájú. Ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Ohun tí kò lè ṣe mọ́ ni kí ó bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jẹun. Èyí sì ni ohun tí ó yẹ kí ìtọ́jú rẹ̀ kọjú sí.

Báwo ni a ti í kọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Nípa eré àfarawé ni. Ní 1963, Howard Barrows, oníṣègùn kan ní California, kọ́ ẹnì kan tí ara rẹ̀ dá láti máa ṣe bí aláìsàn, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà yìí ti tàn ká ayé.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta lè jọ ṣe é. Èkínní a di aláìsàn: a fún un ní ìwé kékeré kan tí a kọ ìtàn ẹni náà sí, àti ọ̀rọ̀ kan tí kò gbọdọ̀ sọ àfi bí a bá bi í léèrè bí ó ti tọ́. Èkejì a béèrè. Ẹ̀kẹta a jókòó, a máa wò. Bí wọ́n bá parí, ẹni tí ó ṣe aláìsàn ni yóò sọ ibi tí ọkàn rẹ̀ ti ṣí, àti ibi tí ó ti tì. Lẹ́yìn èyí wọn a pààrọ̀ ipò. Ẹni tí ó ti jókòó sí ipò aláìsàn, tí a ń sọ̀rọ̀ lé e lórí bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, kò ní tètè gbàgbé bí ó ti rí.

Ìṣọ́ra wà níbẹ̀ o. Kí a má ṣe fi eré náà fi abirùn ṣe yẹ̀yẹ́. Kí a má ṣe sọ ìtàn aláìsàn kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ di eré. Kí a má sì ṣe fi ipá mú akẹ́kọ̀ọ́ tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé rẹ̀ láti ṣe é. Bí eré náà ti wù kí ó dára tó, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni olùkọ́ àgbà. Ní 1991 ni àwọn oníṣẹ́ yìí ní Kánádà gbé ìlànà kan jáde, nínú èyí tí aláìsàn ń dárúkọ ohun tí ó ṣòro fún un, tí ó sì ń fi nọ́ńbà láti 1 dé 10 sọ bí ó ti ṣe pàtàkì tó lójú ara rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Ẹ̀yin ọmọ àti ìyàwó ilé, nígbà tí oníṣègùn bá ń bi ìyá yín léèrè, ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ẹ bá sì délé, ẹ má ṣe bi í pé ara ńkọ́ kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe mọ́, kí ẹ sì ní sùúrù títí yóò fi dáhùn. Ọ̀rọ̀ rere ni í yọ obì lápò. Bóyá ní alẹ́ òní, ẹnì kan yóò ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn jáde wá bá yín jẹun.