Ojú Ọmọ Wa Kì Í Ṣe Pátákó Ìpolówó

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó oṣù, kì í sì í ṣe ti epo mọ́tò. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni, ó sì ká wa lára ju ti owó lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ẹ̀ka wa wà ní gáréèjì lọ́jọ́ kan níhìn-ín ní Òkìtìpupa, ó ń dúró kí ọkọ̀ rẹ̀ kún kó máa lọ sí Orè. Àwọn ọmọ ọkọ̀ kórí jọ sídìí fóònù kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ wá wo nǹkan." Òun náà sún mọ́ wọn, ó ti ń múra láti rẹ́rìn-ín. Fídíò ni. Ọmọ kékeré kan dúró níwájú pátákó nínú kíláàsì, wọ́n ní kó ka ọ̀rọ̀ kan, kò lè kà á. Ẹni tó di fóònù mú, tí ojú rẹ̀ kò hàn, tún bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ọmọ tó kù sì ń hó lé e lórí. Ọmọ bú sẹ́kún. Bàbá yìí wo aṣọ ilé-ìwé náà, ó wo bàtà tí òun fi ọwọ́ ara òun rán, ó rí i pé ọmọ òun ni.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní gáréèjì pé ọmọ òun ni. Ó wa ọkọ̀ lọ sí Orè, ó sì wà á padà. Nígbà tó dé ilé-ìwé lọ́jọ́ kejì, èsì tí wọ́n fún un ni pé, "Bàbá, eré lásán ni. Gbogbo ayé ló ń ṣe é."

Àwa kò gbà pé eré ni. A kò sì ní dárúkọ ilé-ìwé náà, nítorí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún tipa bẹ́ẹ̀ wá ọmọ náà kiri.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò bí òṣìṣẹ́ ti ń yẹ ọ̀rọ̀ wò. Ta ló ń jèrè? Ẹni tó ya fídíò gbé e sórí TikTok tàbí Facebook, èrò ń pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀, bí èrò bá sì pọ̀ tó, owó a máa wọlé. Ilé-ìwé aládàáni gbé ojú ọmọ ọlọ́mọ sí ìpolówó kí àwọn òbí mìíràn lè mú owó wá. Olóṣèlú kó ìwé ìkọ̀wé wá sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó kó ayàwòrán méjì tẹ̀lé e. Wọ́n to àwọn ọmọ tí aṣọ wọn ya sí iwájú (àwọn tí aṣọ wọn gbó díẹ̀ ni wọ́n ń wá, àwọn tí aṣọ wọn mọ́ ni wọ́n ní kó lọ sẹ́yìn), wọ́n yà wọ́n, wọ́n lọ. Ìwé náà tán kí táàmù tó parí. Àwòrán náà kò tán.

Ta ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ọmọ ni. Kí ni wọ́n san fún un? Òfo. Ta ló bi òbí rẹ̀? Kò sí. Nínú iléeṣẹ́, bí ọ̀gá bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn láìsí àdéhùn, láìsí owó, tí kò sì ní kó ṣe tán tàbí kó má ṣe tán, a mọ orúkọ tí à ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí a ń pè é ní eré nígbà tó kan ọmọ wa?

Kì í ṣe pé a kórìíra fọ́tò. Àwọn àgbà inú wa rántí ìgbà tí onífọ́tò ń gbé kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá sí ilé-ìwé ní ìparí ọdún. Wọn a ti sọ fún òbí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ìyá a fọ aṣọ, a lọ̀ ọ́, a fi ìpara pa ọmọ lójú títí yóò fi máa dán. Òbí ló san owó fọ́tò, fọ́tò sì wá sílé, wọ́n fi gíláàsì bò ó, wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, àfi kó wá kí yín nílé, kó jókòó, kẹ́ ẹ sì fi omi lọ̀ ọ́. Bó o bá rí fọ́tò ọmọ, o ti mọ bàbá rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń yà nísinsìnyí, ẹni tí kò mọ bàbá ọmọ ló ń wò ó, ní ìlú tí bàbá ọmọ kò lè dé, kò sì sí ẹni tó lè ká a kúrò lára ògiri mọ́.

Àwọn kan ń rò pé òfin kò sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin wà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 sọ ní abala kẹjọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ohun ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó gba òfin náà wọlé ní ọdún 2007, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé òfin Àbújá ni, kò dé Ìkálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 dé, èyí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún náà. Dátà tí wọ́n ń wí níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń rà sórí fóònù o. Ohunkóhun tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀ ni, orúkọ, àdírẹ́sì, ojú ẹni nínú àwòrán. Abala kọkànlélọ́gbọ̀n òfin yìí ní bó bá jẹ́ ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ni kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọdé ni ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18.

Ibì kan wà nínú òfin náà tí a fẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ fi sọ́kàn: dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà. Bí òbí kò bá sọ nǹkan kan, kò túmọ̀ sí pé ó ti yọ̀ǹda. Ẹni tó sì ti yọ̀ǹda lánàá lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lónìí. Àjọ tí ń mójú tó òfin yìí wà ní Àbújá, ó sì lágbára láti bu owó ìtanràn. Fún iléeṣẹ́ kékeré, ìtanràn lè tó mílíọ̀nù méjì náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Fún àwọn ńlá, mílíọ̀nù mẹ́wàá ni ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà.

Bí ẹ bá rò pé orí ìwé nìkan ni irú òfin báyìí ń gbé, ẹ wo Kẹ́ńyà. Òfin tiwọn ti wà láti ọdún 2019. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, kọmíṣánnà tí ń rí sí i bu ìtanràn 4,550,000 owó ṣílè ilẹ̀ wọn fún ilé-ìwé kan tó ń jẹ́ Roma School ní Uthiru, lẹ́bàá Nairobi. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ṣẹ̀? Wọ́n gbé àwòrán àwọn ọmọ jáde láìgba àṣẹ òbí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn mìíràn yóò ní, "Ṣùgbọ́n fídíò máa ń mú ìrànlọ́wọ́ wá." Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ nínú, a kò ní sá fún un. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ní Sápẹ́lẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Delta, wọ́n lé ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje kan kúrò ní ilé-ìwé ìjọba nítorí owó ìdánwò tí òbí rẹ̀ kò tíì san. Ọmọ náà ń bínú lọ sílé, ó ní ó sàn kí wọ́n na òun títí yóò fi sú wọn ju kí wọ́n lé òun lọ. Aládùúgbò kan yà á. Gbogbo Nàìjíríà rí i. Ìjọba dá ọ̀gá ilé-ìwé náà dúró, àwọn ènìyàn sì fi owó ránṣẹ́ sí ẹbí ọmọ.

Ó dára. Ṣùgbọ́n ìwé ọ̀fẹ́ ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti kéde ṣáájú kí wọ́n tó ya fídíò yìí. Kí ló dé tó jẹ́ pé àfi kí ọmọ ọdún méje jáde síwájú gbogbo ayé pẹ̀lú ìbínú rẹ̀ kí wọ́n tó pa òfin ara wọn mọ́? Àwọn ọmọ yòókù tí wọ́n lé lọ́jọ́ náà tí ẹnikẹ́ni kò yà ńkọ́? Ojú ọmọ yẹn sì wá di ohun àwàdà tí àwọn àgbàlagbà fi ń ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni yóò fẹ́ kí wọ́n mọ òun nígbà tó bá dàgbà. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni láti jà kí owó àìtọ́ yìí kásẹ̀ ńlẹ̀ ní gbogbo ilé-ìwé, kì í ṣe kí a máa retí pé ẹkún ọmọ wa ni yóò bá wa jà á.

Bí ẹ bá rí olùkọ́ tó ń lu ọmọ ní ìlù ìkà, tí ẹ sì yà á, ẹ kú ojú lójú ọ̀nà. Ẹ gbé ẹ̀rí náà lọ bá òbí ọmọ, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tàbí àgọ́ ọlọ́pàá. Orí WhatsApp kọ́ ni àgọ́ ọlọ́pàá.

Ohun mìíràn tún wà: àwòrán tí wọ́n yà fún ohun kan kì í pẹ́ tó fi di ti ohun mìíràn. Ní ọdún 2014, nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin Chibok lọ, tí gbogbo ayé ń pariwo pé kí wọ́n dá wọn padà, àwòrán àwọn ọmọbìnrin kan gba ayé kan, àwọn olókìkí ń pín in. Wọn kì í ṣe ọmọ Chibok. Wọn kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà rárá. Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Ami Vitale, ló ya wọ́n ní Guinea-Bissau fún iṣẹ́ tó yàtọ̀ pátápátá. Òun fúnra rẹ̀ ló jáde láti ké gbàjarè pé wọn kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀ràn náà. Ẹ fi ara yín sípò ìyá tó wà ní Guinea-Bissau, tí wọ́n fi ojú ọmọ rẹ̀ hàn káàkiri ayé bí ẹni tí àwọn apániláyà jí gbé! Èrò rere ni àwọn tó pín in ní. Èrò rere kò tó.

Ti èrò búburú wá ńkọ́? Ní ọdún 2022, BBC tú àṣírí ọkùnrin ará Ṣáínà kan, Lu Ke, tó ń ya àwọn ọmọ abúlé kan lẹ́bàá Lilongwe, ní Malawi. Ó kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ èdè Ṣáínà, àwọn ọmọ ń fi ayọ̀ pariwo rẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé ara wọn ni wọ́n ń bú, pé àwọ̀ dúdú wọn àti ọpọlọ wọn ni ọ̀rọ̀ náà ń fi ṣẹ̀sín. Irú fídíò bẹ́ẹ̀ ń tà ní Ṣáínà tó 70 dọ́là ẹyọ kan. Wọ́n mú un ní Zambia, wọ́n sì dá a padà sí Malawi láti jẹ́jọ́. Àwọn òbí tó wà ní oko lọ́jọ́ tí wọ́n ya ọmọ wọn kò yàtọ̀ sí àwa tí a wà lójú títì Igbókọ̀dá tàbí nídìí ẹ̀rọ.

A ó bá ara wa wí pẹ̀lú. Ta ló gbé fídíò ọmọ awakọ̀ wa dé gáréèjì? Àwa ni. Bó ṣe bọ́ sí wa lọ́wọ́ la ṣe tì í sí ẹlòmíràn, a sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ń bú ilé-ìwé lónìí, tó tún ń fi fídíò ọmọ ọlọ́mọ ránṣẹ́ lálẹ́, kò tíì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára wọn.

Nítorí náà, ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí táàmù tó ń bọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀, ní Òkìtìpupa, ní Òde-Ayé, ní Ìgbòtako, ní Ìlú-Títun, níbikíbi tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ní ọmọ, kó dìde sọ ohun tí ẹ̀ka wa fẹ́. Kí ilé-ìwé bèèrè lọ́wọ́ òbí kí wọ́n tó ya ọmọ, kí wọ́n sì tún bèèrè lọ́tọ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde, kí wọ́n sọ ibi tó ń lọ àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Kí ìwé náà jẹ́ ti Yorùbá, kí wọ́n sì kà á sétí ẹni tí kò mọ̀wé. Bí ọmọ fúnra rẹ̀ bá ní òun kò fẹ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kọ̀, kí wọ́n má fi ìyẹn yà á sọ́tọ̀ tàbí kí wọ́n máa bá a ṣọ̀tá. Kí olùkọ́ má fi fóònù tirẹ̀ ya ọmọ nínú kíláàsì. Olóṣèlú tó bá mú ìwé wá, kó gbé e sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, kó gba ọpẹ́, kó máa lọ. Bí ó bá wù ú kó ya fọ́tò, kó ya páálí ìwé rẹ̀.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ jẹ́ òṣìṣẹ́ bíi tiwa, owó oṣù wọn kéré, iṣẹ́ wọn pọ̀. A kò bá wọn jà. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn, a ó kọ̀wé sí ẹ̀ka wọn kí wọ́n lè bá wa sọ ọ́.

Akọ̀wé ẹ̀ka ní àpẹẹrẹ ìwé ìyọ̀ǹda náà lọ́wọ́, ẹni tó bá fẹ́ kó wá gbà á. Ọmọ awakọ̀ wa ti kúrò ní ilé-ìwé yẹn, ó wà ní òmíràn. Fídíò rẹ̀ ṣì ń rìn kiri. Bó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, pa á rẹ́, má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, kódà kì í ṣe sí bàbá rẹ̀. Ó ti rí i.