Èdè ọpọlọ ẹ̀rọ ti di ọ̀fẹ́: Kí ni àwọn oníṣẹ́ Festac ń dúró dè?

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà, fóònù àti ínfátà ṣe kò lóǹkà ní Festac Town àti Amuwo-Odofin. Láti First Avenue títí dé Agboju, bí iná bá ti fi agbára já wọlé lójijì báyìí, iṣẹ́ ti dé fún wọn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọṣẹ́ dunjú, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọwọ́ wọn kì í tó, ibẹ̀ náà ni áísì tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ. Tó bá ti jóná, wọ́n á yọ ọ́ dà nù, wọ́n á wá irú rẹ̀ lọ sí Alaba. Tí wọn kò bá rí i, oníbàárà á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, owó náà á sì bá a lọ. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́n o, àwọn tó ṣe áísì náà ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé èdè tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń gbọ́ lẹ́ni tó ni ín. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ọwọ́ Intel àti AMD ló wà. Èyí tó wà nínú fóònù, ti Arm ni, iléeṣẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá sì fẹ́ lò ó láti ṣe áísì gbọ́dọ̀ sanwó àṣẹ. Ọdún 2010 ni àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ èdè tuntun tí wọ́n pè ní RISC-V, wọ́n sì gbé e síta pé kí ẹnikẹ́ni máa lò ó láìsan kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ tó ń bójú tó o bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015. Nígbà tó di ọdún 2020, wọ́n gbé ẹgbẹ́ náà lọ sí Switzerland, kí ìjà láàárín ìjọba kan sí èkejì má baà dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí Festac mọ́. Iléeṣẹ́ Espressif ní China ń ta áísì kékeré kan tó ń jẹ́ ESP32-C3. RISC-V ló wà nínú rẹ̀, ó ní Wi-Fi àti Bluetooth, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Lóṣù kẹjọ, ọdún 2024, Raspberry Pi náà gbé Pico 2 jáde, ẹni tó rà á lè lo Arm tàbí RISC-V lórí áísì kan náà. Ẹni tó ń ṣe ínfátà l'Amuwo lè fi irú rẹ̀ ṣe ohun tí yóò máa sọ fún oníbàárà lórí fóònù pé bátìrì ti fẹ́ tán. Sọ́fíwíà tí yóò fi kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tó sì jẹ́ pé òun ló ṣe é, òun náà ni yóò mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé awúùfù ti dé. Èdè yẹn ni wọn kì í gbowó lé lórí, áísì fúnra rẹ̀ ń náni lówó. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe áísì òde òní ń gba ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là kó tó dìde, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó lè dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gbé. Àjọ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi yanjú rẹ̀. Lọ́dún 2022, Matt Venn dá Tiny Tapeout sílẹ̀. Níbẹ̀, oníkálùkù ń ra àyè kékeré lórí áísì kan, wọ́n á sì pín owó rẹ̀ san, bí ìgbà tí àwọn aládùúgbò bá dáwó ra màlúù kan, tí wọ́n sì pín ẹran rẹ̀.

Àjọ náà rí ìdààmú. Efabless, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń bá wọn gbé iṣẹ́ lọ fún àwọn tó ń ṣe áísì, kógbá sílé lọ́dún 2025, iṣẹ́ àwọn kan sì há sójú ọ̀nà. Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ló dá dúró ni, ibẹ̀ ni ìbá parí sí. Ṣùgbọ́n torí pé wọ́n pọ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ IHP ní Jámánì, àjọ náà kò sì túká.

Ẹni tó bá ní ti òyìnbó nìyẹn, kó wo Lomé. Ọdún 2013 ni àwọn ará WoeLab níbẹ̀ fi àlòkù kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti kó dà nù ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fi rọ́bà mọ oríṣiríṣi nǹkan, W.Afate ni wọ́n pè é. L'Ékòó níbí, Open Source Community Africa ṣe àpéjọ ńlá wọn àkọ́kọ́ lóṣù kejì, ọdún 2020. Sọ́fíwíà ni ti wọn dá lé jù. Àyè àwọn tó ń fọwọ́ kan wáyà ṣì ṣófo.

Àyè yẹn ló yẹ kí àwọn oníṣẹ́ Festac àti Amuwo-Odofin wá dí. Kí ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá kọ́kọ́ kóra jọ, kí wọ́n máa dáwó lóṣooṣù, kí wọ́n fi ra àwọn áísì yìí, kí wọ́n sì fi ọjọ́ Sunday kan nínú oṣù kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Ohunkóhun tí ẹnì kan bá rí tún ṣe, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán rẹ̀, kí gbogbo ẹgbẹ́ lè kà á. Kí ọmọ iṣẹ́ kankan má ṣe fúrídọ̀mù láìjẹ́ pé ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun kan tó ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá kan lè sọ pé tí òun bá fi àṣírí iṣẹ́ han ṣọ́ọ̀bù kejì, oníbàárà òun lòun ń gbé fún un yẹn. Ẹni tó ń san owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ilé ìwé ọmọ kò jẹ̀bi tó bá bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó wo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ASPAMDA tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Trade Fair. Oníbàárà kan náà ni wọ́n jọ ń dù, síbẹ̀ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n. Bákan náà, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù kejì ló ń gba oníbàárà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹ̀rọ tuntun tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè wọlé ni. Bí ọ̀gá méjì bá fi ìmọ̀ pamọ́ fún ara wọn, tí kò sì sẹ́ni tó lè tún ẹ̀rọ náà ṣe nínú wọn, oníbàárà á kọjá lọ ra tuntun, àwọn méjèèjì á sì jókòó máa wo ara wọn.