Ẹ Kọ́kọ́ Ṣe Ojú Ọ̀nà

Bí ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá bá ní òun fẹ́ ṣe ọgbà ìgbafẹ́ fún aráàlú, ẹ wo àwòrán tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé jáde: gbọ̀ngàn àríyá, adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ṣọ́ọ̀bù, ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹpẹtẹ. Ọ̀nà tí èèyàn yóò fẹsẹ̀ rìn lábẹ́ igi ló máa ń gbẹ́yìn, bí ó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀ rárá. Lójú tiwa, wọ́n dorí iṣẹ́ náà kodò. Ọgbà tí ìyá àgbà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin kò bá lè jọ rìn yí ká láìsí ìfòyà, ibi àríyá ni. Kò sóhun tó burú nínú ibi àríyá, ṣùgbọ́n kí wọ́n má pè é ní ọgbà ẹbí.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tí à ń wí, kó lọ sí Lekki Conservation Centre ní Èkó. Ọdún 1990 ni Nigerian Conservation Foundation, àjọ tí olóògbé Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀. Hẹ́kítà 78 ni ilẹ̀ náà, àbàtà àti ọ̀dàn pọ̀, ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀ Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ níbi tí ilé ti gba gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká. Ohun tó sọ ọ́ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká ni afárá orí igi, tó gùn tó mítà 401. Òun làwọn ọ̀dọ́ ń torí ẹ̀ lọ, òun ni wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ sórí Instagram. A ò bá wọn jà. Àmọ́ afárá tó ń mì lẹ́sẹ̀ ẹni bí ẹni ń rìn kì í ṣe ibi tí ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn ń wá lọ́jọ́ ìsinmi, kò sì yẹ ká fi í díwọ̀n bóyá ọgbà kan dára tàbí kò dára.

Ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n fi pákó tẹ́ ọ̀nà kan gba orí àbàtà kọjá, ó rí pẹrẹsẹ, kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò ní àtẹ̀gùn gígùn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìrìn lè tẹ̀lé e, àgbàlagbà lè fọ̀pá tẹ̀ ẹ́. Igi ti ṣíji bo ibẹ̀, oòrùn Èkó kì í ráyè wọlé tán. Omi dúdú ló wà lábẹ́ pákó, bí ẹ bá sì dákẹ́ díẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí nǹkan bọ́ sínú rẹ̀ gbàmù; ó lè jẹ́ awọ́nríwọ́n, ó lè jẹ́ èso lásán. Ọmọdé á ní kí ẹ dúró kóun wò ó. Ìdúró yẹn gan-an ni ìgbafẹ́. Ẹ ò ní sanwó mìíràn fún un, kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń gbé e wá.

Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ò sì bẹ̀rù èèyàn mọ́. Ọ̀bọ ọ̀hún mọ ìró ọ̀rá bísíkíìtì ju ọmọ ilé ìwé lọ, òbí tó bá sì fi gálà lé ọmọ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà yẹn, ọ̀bọ ló fi lé lọ́wọ́. Ẹ fi oúnjẹ sínú àpò tó ní síìpù, títí ẹ ó fi padà dé ibi tí wọ́n ní kí ẹ ti jẹun. Kí ẹ má sì fún wọn ní nǹkan kan nítorí pé ó pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹranko tí àlejò bá ń bọ́ á yé wá oúnjẹ rẹ̀ nínú igbó, á kọ́ ìjágbà, ọmọ ẹlòmíràn ló sì máa gé jẹ.

Pákó orí omi kì í pẹ́. Ikán a máa jẹ ẹ́, ọ̀rinrin a máa jẹ ẹ́, nígbà òjò a máa yọ̀. Ẹni tó bá ṣe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láìya owó àtúnṣe ọdọọdún sọ́tọ̀, ihò tí yóò gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ ló ṣe. Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń ká àwọn aláṣẹ wa lára, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń gé tẹ́ẹ̀pù fún pákó tí wọ́n pààrọ̀.

Ní Ìbàdàn, Agodi Gardens jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Ọgbà ẹranko àti ewéko ni wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní 1967. Nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ̀lú lópin oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Omíyalé tí àwọn ará Ìbàdàn kò tíì gbàgbé, àgbàrá gbé ọ̀pọ̀ ẹranko ibẹ̀ lọ. Nígbà ìjọba Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bi ni wọ́n wá tún ibẹ̀ ṣe. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀ báyìí, èrò sì ń rọ́ lọ lọ́jọ́ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá omi àti abẹ́ igi ni ọlá ọgbà náà wà, èyí tí kò sẹ́ni tó lè kó wá láti òkè òkun.

Ẹ̀kọ́ tí Omíyalé kọ́ wa kò tíì wọ ìwé ìnáwó. Etí odò tí òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sí wà káàkiri Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Èkó. Pàǹtí ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù, àwọn kan sì ti ń jí kọ́lé sórí ìyókù. Ká gbin igi síbẹ̀, ká la ọ̀nà ẹsẹ̀ gba àárín rẹ̀. Bí omi bá kún, yóò bo ọ̀nà, yóò sì fà. A ó gbá ẹrẹ̀ kúrò, a ó tún máa rìn. Ilé tó bá wà níbẹ̀ ni yóò bá omi lọ, tòun ti ẹni tó sùn sínú rẹ̀. A ò rí ìdí tí ìjọba ìbílẹ̀ kan yóò fi máa ní òun kò ní ilẹ̀ tí òun fi ṣe ọgbà, nígbà tí irú ilẹ̀ yìí ń bẹ níkàáwọ́ rẹ̀.

Òfin tún wà. Lóṣù Kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó dáàbò bo àwọn akanda ẹ̀dá. Ó fún àwọn tó ni ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún un ṣe kí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ lè wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti 2024. Àtẹ̀gùn mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, tàbí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà sójú ọ̀nà nítorí kó lè wuyì, ti tó láti dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà sílé. Ìyá tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ náà mọ̀ ọ́n.

Àwọn tó ń ṣètò owó ìjọba yóò ní gbọ̀ngàn ń pawó wọlé, ọ̀nà ẹsẹ̀ kò pa kọ́bọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjọba kan náà ni yóò tún náwó fún ilé ìwòsàn, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ń kó àwọn èèyàn lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀, kí ọmọ ọdún 5 sí 17 sì máa ṣe tirẹ̀ fún wákàtí kan lójúmọ́. Níbo ni ọmọ Mushin yóò ti ṣe é, lójú títì tí ọkọ̀ ń gbà lódìlódì?

Ìdájọ́ wa lórí owó ẹnu ọ̀nà nìyí. Ọgbà aládàáni tàbí ti àjọ tó ń tọ́jú igbó lè gba owó, nítorí owó náà ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbà tí wọ́n fi owó aráàlú ṣe kò gbọdọ̀ gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wá rìn lásán. Kí ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ sanwó, kí ẹni tó fẹ́ gba gbọ̀ngàn sanwó gidi, kí wọ́n sì fi owó wọn tún ojú ọ̀nà ṣe. Ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́fà tó ti san owó ọkọ̀ àlọ, tó sì mọ̀ pé ti àbọ̀ ń dúró de òun, kò yẹ kó tún máa ka orí àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu géètì.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù kò wọ́n. Kí ọ̀nà fẹ̀ tó kí àgbàlagbà méjì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ọmọ sì wà láàárín. Kí bẹ́ǹṣì wà ní tòsí ara wọn lábẹ́ ibòji, torí àgbà tí kò bá mọ ibi tí yóò ti jókòó kò ní bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Kí wọ́n gbé sípíkà jìnnà sí ibẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ igi sára igi, ìrókò, àràbà, arère, lédè Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn. Kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní omi, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ má sì wà lápò ẹnì kan tó ti lọ jẹun.