Ẹ̀rọ Ìpaná Wà Lára Ògiri, Ta Ló Mọ̀ Ọ́n Lò?

Ọ̀pọ̀ wa tó ń wa ọkọ̀ ló ní ẹ̀rọ ìpaná kékeré kan lábẹ́ ìjókòó. Kì í ṣe torí iná la ṣe rà á. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó la rà á fún. ₦3,000 ni owó ìtanràn ẹni tí kò bá ní in, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n dá òun dúró lójú ọ̀nà Ìbàdàn nítorí agolo pupa. Bẹ́ẹ̀, ẹni kan náà á délé, sìlíńdà gáàsì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, kò sì ní sí ohun tó lè fi paná nínú ilé ju omi inú garawa lọ.

Ṣómólú ni mo ti ń tẹ̀wé. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa á mọ ohun tí mò ń sọ: bébà tó ga kan àjà, tàdáwà, bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì tí a fi ń fọ rólà, jẹnẹrétọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ṣọ́ọ̀bù kan fẹ̀yìn ti èkejì. Iná tó bá sọ níbẹ̀ kì í mọ sọ́dọ̀ ẹnì kan. A rí ti ọjà Bálógun ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, a tún rí òmíràn níbẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. N kò bá òfin jà rárá. Ohun tó ń dùn mí ni ohun tí àwọn tó ń wá ṣàyẹ̀wò ń wò. Wọ́n á wọlé, wọ́n á gbójú sókè wo ògiri, wọ́n á wo déètì, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ó parí.

Òfin iléeṣẹ́ Nàìjíríà, Factories Act, kò dúró síbẹ̀. Ó ní ohun ìpaná gbọ́dọ̀ wà níbi tọ́wọ́ ti lè tètè tó o, ó sì ní ẹni tí wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní gbogbo àsìkò iṣẹ́. Bí ọ̀gá bá lọ jẹun, tó ku ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá nídìí ẹ̀rọ, a ti rú òfin, bí agolo mẹ́wàá tiẹ̀ wà lára ògiri.

Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, bí àsìkò bá tó láti kún ẹ̀rọ ìpaná, a kì í gbé e fún ẹni tó ń kún un kó lọ da páúdà rẹ̀ nù. Owó wa ló wà nínú rẹ̀. Ìta gbangba la ń gbé e lọ. A ó kó àjákù bébà sínú ọpọ́n irin, a ó ṣáná sí i, ọmọọṣẹ́ tó bá kàn á bọ́ síwájú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó lágbára dáadáa fún ọwọ́ ẹ̀rọ náà títí apá rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Kò tíì yọ píìnì. Nígbà tó yọ ọ́, orí ọwọ́ iná ló kọjú ẹnu rẹ̀ sí. Páúdà fọ́n ká, gbogbo wa funfun, iná ń jó lọ. "Ìdí ẹ̀ ni! Ìdí ẹ̀!" là ń pariwo. Ó rẹ ọwọ́ sílẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ lọ fẹ́ ẹ bọ̀ nídìí iná, iná kú. Kó tó mí kanlẹ̀, páúdà ti tán. Ẹ̀rọ kílò mẹ́fà kì í lò tó ìdajì ìṣẹ́jú. Ta ló fẹ́ ráyè ka àlàyé ara agolo nínú èéfín?

Nídìí mọ́tò àti kọ̀ǹpútà, CO2 la gbé síbẹ̀, torí páúdà á paná, á sì ba ẹ̀rọ jẹ́. Èyí kò ní gééjì. Orí òṣùwọ̀n la ti ń mọ̀ bóyá ó ṣì kún.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí iléeṣẹ́ panápaná ni pé bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù wa, ẹ pe ọmọọṣẹ́ tó kéré jù, kó gbé agolo sọ̀ kalẹ̀, kó fi hàn yín bó ṣe máa lò ó. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má fún ọ̀gá rẹ̀ níwèé. Aládùúgbò mi kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ yìí kì í pẹ́ lọ, ta ni kí n máa kọ́?" Mo ní ẹni tó máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí rólà bá gbiná ni.

Ti ilé ló ṣòro, torí kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn wa ṣàyẹ̀wò. Onílé tó ń gba owó àgírímẹ́ǹtì lè fi ẹyọ kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítòsí ẹnu ọ̀nà àbájáde, kì í ṣe lórí sítóòfù níbi tí iná máa dí yín lọ́wọ́ àtidé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí òróró bá gbiná nínú agbada, ẹ pa gáàsì, ẹ fi ọmọrí dé e. Ẹ má da omi sí i. Á ta sókè, á gbé iná lọ bá àjà. Bí iná bá sì ti kan àjà, ẹ ju agolo sílẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ pe 767 tàbí 112 bó bá jẹ́ Èkó. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọọṣẹ́ mi kí wọ́n tó yọ píìnì ni pé ẹ̀yìn wọn ni kí ẹnu ọ̀nà wà, kì í ṣe ẹ̀yìn iná.