Ọ̀pá àti ikọ́ nìkan kọ́ ni ọjọ́ ogbó

Bí òṣèré ọmọ ogún ọdún bá fẹ́ di arúgbó lórí ìtàgé wa, a ti mọ ohun tí yóò ṣe. Yóò da àtíkè sí irun, yóò di ìbàdí mú, yóò máa tẹ ọ̀pá, yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òǹwòran á bú sẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ ìyá arúgbó ni, ó ṣeé ṣe kó ti di àjẹ́ kí eré tó parí.

Ẹ jẹ́ ká wo Niamey, olú-ìlú Niger. Gbọ̀ngàn àṣà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ Jean Rouch títí di ọdún 2024, ọmọ Faransé tó ya fíìmù púpọ̀ lórílẹ̀-èdè náà. Láti àwọn ọdún 1940 ni òun àti Damouré Zika, ọmọ Niger, ti ń ṣọ̀rẹ́. Nínú fíìmù Jaguar, ọ̀dọ́ ni Damouré àti Lam Ibrahima Dia, wọ́n ń wá iṣẹ́ lọ sí Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní. Nígbà tí Madame l'Eau jáde ní 1993, Damouré ti sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Ọ̀dá dá oko wọn lóró, wọ́n sì lọ sí Holland láti wá ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, tí yóò máa fa omi Odò Ọya sí oko. Kò sẹ́ni tó da àtíkè sí wọn lórí. Wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń gbèrò ọ̀la.

Fíìmù nìyẹn o, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ìtàgé: àgbàlagbà ṣì ń fẹ́ nǹkan.

Mi ò ní ká má fi àgbà ṣàwàdà. Moses Olaiya kò tíì darúgbó nígbà tó di Baba Sala tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Kì í ṣe dígí ńlá ojú rẹ̀ nìkan ló ń pa wá lẹ́rìn-ín, bí kò ṣe ahun àti ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó tẹ̀lé e mú dígí, wọ́n fi èèyàn sílẹ̀.

Ta ló ń ṣeré ìyá tó ń ka oògùn rẹ̀ lóru pẹ̀lú iná fóònù? Bàbá tó ń díbọ́n pé òun gbọ́ ohun tí wọ́n sọ? Ìyá Yorùbá tó ti ń tajà ní Niamey látìgbà ọmọge, tó ń rò ó bóyá ibẹ̀ ni kí wọ́n sin òun sí tàbí kí wọ́n gbé òun wálé?

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá eré. Ó ju ìdajì àwọn ará Niger lọ tí kò tíì pé ogún ọdún. Ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nílẹ̀ wa náà. Ọmọ tó ń wo àjẹ́ arúgbó lójoojúmọ́, ọjọ́ tí ìyá àgbà rẹ̀ bá gbàgbé orúkọ rẹ̀, tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, ìdájọ́ ti wà lẹ́nu ọmọ náà. Àìsàn ni, kò ní mọ̀.

Ẹ̀yin olùdarí eré, kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí òṣèré yín lọ fi odidi ọjọ́ kan jókòó ti àgbà. Ẹ pe àwọn àgbà wá wo ìdánrawò, kí wọ́n lè sọ pé, "Ọmọ mi, kò rí bẹ́ẹ̀." Ẹ fún wọn ní ipa pẹ̀lú. Bí ẹ̀mí bá gùn, àwa náà ni wọn yóò fi ṣeré lọ́la.