Ẹ Fi Ibi Tí Gáàsì Ti Ń Jò Han Onílé

Nínú gbogbo ìlú tí epo àti gáàsì sọ di ọlọ́lá ní Amẹ́ríkà, Houston ni aṣíwájú, Houston onílẹ̀ amọ̀ tí í wú bí òjò bá rọ̀, tí í sì í sán bí ọ̀dá bá dá. Abẹ́ ilẹ̀ tí kì í dúró sójú kan yìí ni páìpù gáàsì gbà dé ilé ìdáná ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan ti àwọn ọmọ Yorùbá tó tẹ̀dó sí àdúgbò Alief.

Gáàsì yìí, tí methane pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn àbínibí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1937, ó kún abẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ní New London, ní Texas kan náà, láìsí ẹni tó fura, ó gbiná, ó sì pa nǹkan bí 300 ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Láti ìgbà náà ni òfin ti ní kí a máa po òórùn burúkú mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ibi tí imú ń dé kò tó nǹkan. Lónìí, ọkọ̀ wà tó ń gbé ẹ̀rọ onítànṣán kiri ìgboro, tó ń wọn methane inú afẹ́fẹ́, tó sì ń sàmì sí ibi tó ti bá a. Ní 2014, ẹgbẹ́ EDF tó ń jà fún àyíká àti Google tẹ irú àwòrán ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde fún Boston, Indianapolis àti Staten Island, kí ẹni tó bá fẹ́ lè wo òpópónà tirẹ̀. CenterPoint tó ń pín gáàsì ní Houston náà ń lo irú ọkọ̀ yìí.

Railroad Commission, àjọ tó ń bójú tó páìpù gáàsì ní Texas (orúkọ lásán ni ti ojú irin inú rẹ̀), pàṣẹ pé kí a dí ihò tó lè ṣekú pani lójú ẹsẹ̀, ó sì fún èyí tí kò léwu fún ẹnikẹ́ni ní oṣù 36. Àṣẹ náà dára fún ilé, kò dára fún òfuurufú, nítorí láàárín ọdún 20, methane ń mú ayé gbóná ju carbon dioxide lọ ní ìlọ́po 80 ó lé, ihò ńlá díẹ̀ ló sì ń tú èyí tó pọ̀ jù síta. Àwọn kan ní títẹ irú àwòrán ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde fún Houston yóò dẹ́rù ba ará ìlú, yóò sì dín owó ilé kù. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn! Kí a kọ ìwọ̀n ihò kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí a rí i àti ọjọ́ tí a dí i sára àwòrán náà, kí onílé Houston sì lè ṣí i wò láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.